Fáàfù afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ iléeṣẹ́: Bí iná bá lọ, ibo ló máa yà sí?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé òru ni, iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ ike omi sì ń ṣiṣẹ́ lọ ní pẹrẹu. Lójijì, iná lọ. Ẹ̀rọ dúró, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ rí i pé ike kan ti há sáàárín mọ́ọ̀dù, kò jẹ́ kí mọ́ọ̀dù náà padé tán. Ó ní kóun sáré yọ ọ́ kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Ó na ọwọ́ sí i. Iná ò sí, ẹ̀rọ ò mira. Kí ló tún kù níbẹ̀ tó lè ṣe é léṣe?

Afẹ́fẹ́ ló kù. Iná lọ lóòótọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti fún pọ̀ ṣì wà nínú táńkì àti nínú páìpù, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ohun tó sì ń pinnu ibi tí afẹ́fẹ́ náà ń tì sí ni fáàfù kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin olùgbọ́ wa ló ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́, àwọn mìíràn sì ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń ṣe é. Ìdí nìyí tá a fi ní ká ṣàlàyé ohun tí fáàfù yìí jẹ́, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tó ń bà á jẹ́, àti ohun tó yẹ kéèyàn ṣe kó tó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń lò ó.

Kí ni fáàfù afẹ́fẹ́?

Ẹ wo fọganáísà tó ń fẹ́ táyà lẹ́bàá títì. Ó ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ó ní táńkì tó ń kó o pa mọ́ sí, ó ní họ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ, ó sì ní ohun kan lẹ́nu họ́ọ̀sì tó máa ń tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó wọ inú táyà. Ohun tó ń tẹ̀ yẹn, fáàfù ni. Iṣẹ́ fáàfù ò ju mẹ́ta lọ: kó ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́, kó dí ọ̀nà mọ́ ọn, tàbí kó yí i gba ọ̀nà mìíràn.

Ohun tó wà níléeṣẹ́ ńlá ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti fọganáísà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èèyàn kọ́ ló ń dúró tẹ fáàfù. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń darí ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń pè ní PLC, ló ń fi iná mànàmáná pàṣẹ fún un. Bí fáàfù bá ti ṣí, afẹ́fẹ́ á wọ inú sílíńdà, á ti písítìn tó wà níbẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Písítìn yìí ló ń ti mọ́ọ̀dù pa, òun ló ń de ìdérí mọ́ ike, òun ló ń gé ọ̀rá, òun náà ló ń ti páálí kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ má fojú kékeré wo agbára rẹ̀ o. Préṣọ̀ tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń lò wà láàárín bar 6 sí 7. Bar 1 jẹ́ nǹkan bíi psi 14.5 lórí gééjì, nítorí náà bar 6 jẹ́ psi 87. Sílíńdà tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 50 péré, bó bá gba bar 6, agbára tó fi ń ti nǹkan tó ìwúwo kìlógíráàmù 120. Ìyẹn ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ. Bí ihò sílíńdà náà bá fẹ̀ tó mìlímítà 100, agbára yẹn á sún mọ́ kìlógíráàmù 480. Kò sí ọwọ́ èèyàn tó lè dá a dúró.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Lórí fáàfù ni ẹ máa ti rí kọ́ìlì wáyà kan tí wọ́n ń pè ní sólénọ́ìdì. Bí iná bá wọ inú kọ́ìlì yìí, á di òòfà, á sì fa irin kékeré kan tó wà láàárín rẹ̀. Nínú fáàfù fúnra rẹ̀, ọ̀pá kan wà tó ní rọ́bà yíká ara rẹ̀. Bí ọ̀pá yìí bá sún sí apá kan, á ṣí àwọn ihò kan, á sì dí àwọn mìíràn.

Nọ́ḿbà tí wọ́n fi ń pe fáàfù ló ń sọ irú èyí tó jẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní 5/2 ní ihò márùn-ún, ipò méjì sì ni ọ̀pá inú rẹ̀ lè dúró sí. 3/2 ní ihò mẹ́ta àti ipò méjì. 5/3 ní ihò márùn-ún àti ipò mẹ́ta. Wọ́n máa ń kọ nọ́ḿbà sí ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Lára fáàfù 5/2, ihò 1 ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ihò 2 àti 4 ló ń gbé e lọ sí sílíńdà, ihò 3 àti 5 ni afẹ́fẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ tán ń gbà jáde. Ariwo “ṣíì” tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ nídìí ẹ̀rọ, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fáàfù, kọ́ìlì nìkan ò lágbára tó láti sún ọ̀pá yẹn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ṣí ihò tóóró kan, kí díẹ̀ lára afẹ́fẹ́ inú páìpù lè wá bá a ti ọ̀pá náà. Fáàfù bẹ́ẹ̀ nílò iná, ó sì nílò afẹ́fẹ́ kó tó lè yí. Bí préṣọ̀ bá já wálẹ̀ ju bíi bar 1.5 sí 2.5 lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe fáàfù náà bá ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, kọ́ìlì á dún “kọ̀”, àmọ́ ẹ̀rọ ò ní mira. Ẹlòmíì á ti tú kọ́ìlì palẹ̀, á lọ ra tuntun, nígbà tó jẹ́ pé gééjì ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Bí iná bá lọ ńkọ́?

Orí ọ̀rọ̀ gan-an nìyí. Fáàfù méjì lè jọra bí ìbejì lójú, kí ìwà wọn má sì jọra rárá nígbà tí iná bá lọ.

Àkọ́kọ́ ni fáàfù tó ní kọ́ìlì kan àti sípíríǹgì kan. Iná ló ń tì í lọ, sípíríǹgì ló ń dá a padà. Bí iná bá ti lọ, tí afẹ́fẹ́ sì ṣì wà, fáàfù á padà sí ipò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, písítìn náà á sì gbéra. Bóyá ìpadà yẹn máa ṣí mọ́ọ̀dù ni o, bóyá ó máa tì í ni o, ọwọ́ ẹni tó so họ́ọ̀sì ló wà. Bí ẹnì kan bá tú họ́ọ̀sì méjèèjì láti ṣàtúnṣe, tó wá gbé ti 2 sí 4, ó ti yí ìwà ẹ̀rọ náà padà láìmọ̀.

Ìkejì ni fáàfù tó ní kọ́ìlì méjì, tí kò ní sípíríǹgì. Iná ló ń tì í lọ, iná náà ló ń tì í bọ̀. Bí iná bá lọ, ibi tó wà ló máa wà. Ẹ rántí ọmọkùnrin wa yẹn. Bó bá jẹ́ irú fáàfù yìí ló wà lára ẹ̀rọ náà, tó sì jẹ́ pé “pa dé” ni àṣẹ tó gbà kẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ṣì ń ti písítìn náà títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ike tó há sáàárín mọ́ọ̀dù nìkan ló ń dá a dúró. Bí ọmọ náà bá ti fa ike yẹn yọ, mọ́ọ̀dù máa padé, iná ì báà má sí ní gbogbo àdúgbò.

Ìkẹta ni fáàfù 5/3, tó máa ń lọ sí àárín bí iná bá lọ. Èyí náà pín sí oríṣi mẹ́ta. Ọ̀kan wà tó ń dí gbogbo ọ̀nà: písítìn á dúró, àmọ́ afẹ́fẹ́ á há sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, bó bá sì ń jò díẹ̀díẹ̀, písítìn lè máa yọ́ lọ. Ọ̀kan wà tó ń tú afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dànù: písítìn á rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹrù ló gbé sókè, ẹrù náà á já wálẹ̀. Ìkẹyìn ń fi afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nínú èyí, ẹ̀gbẹ́ tí kò ní ọ̀pá fẹ̀ ju èkejì lọ, nítorí náà písítìn máa ń rọra jáde.

Kò wá sí èyí tá a lè pè ní dáadáa fún gbogbo iṣẹ́. Ohun tó dáa ni kéèyàn mọ èyí tó wà lára ẹ̀rọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná tó ń padà dé náà tún wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, PLC lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àṣẹ àkọ́kọ́ tó sì lè pa ni pé kí gbogbo písítìn padà sílé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀rọ ò ní ráyè sọ pé kó dúró.

Ọgbọ́n àtijọ́ tó wà lára tírélà

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1869, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ George Westinghouse gbé bíréèkì tó ń lo afẹ́fẹ́ jáde fún ọkọ̀ ojú irin. Ní ti àkọ́kọ́ yìí, awakọ̀ máa ń rán afẹ́fẹ́ gba inú páìpù lọ sí wágùnù kọ̀ọ̀kan láti tẹ bíréèkì. Ó dáa, ṣùgbọ́n bí páìpù bá já, bíréèkì ti lọ nìyẹn. Ní 1872, ó dá irú fáàfù mìíràn sí i, ó sì yí ọ̀rọ̀ náà padà: afẹ́fẹ́ máa ń wà nínú páìpù nígbà gbogbo, wágùnù kọ̀ọ̀kan sì ní táńkì tirẹ̀. Bí préṣọ̀ inú páìpù bá já wálẹ̀, ìbáà jẹ́ awakọ̀ ló ṣe é, ìbáà jẹ́ páìpù ló bẹ́, fáàfù á tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀.

Irú ọgbọ́n yìí wà lára ọ̀pọ̀ tírélà tó ń gba ojú títì wa kọjá lónìí. Sípíríǹgì ló ń di bíréèkì ìdúró wọn mú, afẹ́fẹ́ ló ń tú u. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi máa ń tan ẹ́ńjìnnì, táá sì dúró kí gééjì gòkè kó tó lè gbéra. Ohun tí Westinghouse ṣe ni pé ó ti ro ọjọ́ burúkú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí iná tàbí afẹ́fẹ́ bá lọ, ibi tí ẹ̀rọ bá ṣubú sí gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí kò ní pa èèyàn lára.

Àwọn nǹkan tí fáàfù fẹ́, àtàwọn tó ń bà á jẹ́

Fáàfù tó bàjẹ́ lè há sí ibi tí kò yẹ, gbogbo ètò ààbò á sì dòfo. Ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí dáadáa.

Préṣọ̀. Wọ́n máa ń kọ èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù sára fáàfù. Ọ̀pọ̀ fáàfù iléeṣẹ́ ò gbà kọjá bar 8 tàbí 10. Níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ ike, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ike fúnra rẹ̀ lè tó bar 25 sí 40. Ẹni tó bá fi fáàfù lásán rọ́pò fáàfù ọ̀nà yẹn nítorí pé ẹnu wọn bára mu, àdó olóró ló so mọ́ ẹ̀rọ.

Omi. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa ní ọ̀rinrin púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń fa lítà 1,000 afẹ́fẹ́ wọlé ní ìṣẹ́jú kan, tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8, lọ́jọ́ tí ooru jẹ́ 30°C, tí ọ̀rinrin sì jẹ́ ìdá 80 nínú 100, omi tó bá afẹ́fẹ́ wọlé lé ní lítà 11. Bí afẹ́fẹ́ náà bá fún pọ̀ dé bar 7, tó sì tutù padà, nǹkan bíi lítà 9 nínú rẹ̀ ló máa di omi gidi. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tú u dànù nísàlẹ̀ táńkì, inú páìpù àti inú fáàfù ló ń lọ. Omi á fọ gíríìsì inú fáàfù dànù, irin á dípẹtà, ọ̀pá á há. Ẹ tú omi táńkì lójoojúmọ́. Iléeṣẹ́ tó bá lágbára yẹ kó ní ẹ̀rọ tó ń gbẹ afẹ́fẹ́.

Eruku. Lásìkò ọyẹ́, eruku ló ń dúró dè wá. Fílítà tó wà ṣáájú fáàfù, èyí tí wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó lè mú eruku tó tó máíkírọ́ọ̀nù 40 tàbí 5, máa ń tètè dí. Bó bá dí, préṣọ̀ á lọ sílẹ̀. Sáílẹ́ńsà kékeré tó wà lẹ́nu ihò 3 àti 5 náà máa ń dí, písítìn á wá máa falẹ̀ bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ẹ máa fọ̀ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ́ìlì. Gíríìsì wà nínú ọ̀pọ̀ fáàfù òde òní láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, kò nílò ọ́ìlì rárá. Bẹ́ ẹ bá ti fi ọ́ìlì sí i lẹ́ẹ̀kan, ó ti fọ gíríìsì yẹn lọ, ẹ gbọ́dọ̀ máa fi sí i lọ ni. Ẹ má sì da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i o. Irú ọ́ìlì tí kò bá a mu lè mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú, rọ́bà tó bá wú ò ní jẹ́ kí ọ̀pá sún.

Ooru. Ọ̀pọ̀ fáàfù ò fẹ́ kí ibi tó wà gbóná ju 50°C tàbí 60°C lọ. Lábẹ́ òrùlé páànù, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yan ike kó tó di fífẹ́, kò ṣòro láti dé ibẹ̀. Rọ́bà á gan, á là, afẹ́fẹ́ á máa jò.

Iná. Kọ́ìlì fólítì 24 tó ń lo iná DC sábà máa ń fara da ìdá 10 nínú 100 sókè tàbí sísàlẹ̀, ìyẹn láti 21.6 sí 26.4. Èyí tó ń lo iná AC 220 ló ń jìyà jù nígbà tí iná bá ṣe bàìbàì. Òòfà rẹ̀ ò ní lágbára tó láti fa irin inú rẹ̀ wọlé tán, á máa kùn bí oyin, iná tó ń fà á pọ̀ jù, á sì jó. Bí omi tàbí ìdọ̀tí bá mú irin yẹn há, bákan náà ló máa ṣe é. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fi kọ́ìlì tuntun sí i, ẹ wádìí ohun tó jó ti àkọ́kọ́.

Jíjò. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé níbòmíràn, afẹ́fẹ́ tó ń jò dànù lè tó ìdá 20 sí 30 nínú 100 ohun tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ń ṣe. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi dísù ṣiṣẹ́, owó dísù ló ń jò yẹn.

Kẹ́ ẹ tó fi ọwọ́ kàn án

Òfin Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Factories Act ò gbàgbé táńkì afẹ́fẹ́. Ó ní kí wọ́n kọ préṣọ̀ tó lè gbà sára rẹ̀ gedegbe, kó ní fáàfù ààbò, kó ní gééjì tó péye, kó sì ní ibi tí wọ́n lè gbà tú omi rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò lè dúró ti yín nídìí ẹ̀rọ lóru. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe èyí tó kù:

1. Ẹ pa iná ẹ̀rọ láti ibi tó ti ń wọlé, ẹ tì í ní àgádágodo, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Bí iná bá ti lọ fúnra rẹ̀, ẹ ṣì pa á.

2. Ẹ ti afẹ́fẹ́ pa níbi tó ti ń wọ ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ sì tú èyí tó kù nínú rẹ̀ dànù. Fáàfù àfọwọ́tì kan wà tó ń ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ní ihò àgádágodo. Bí ẹ̀rọ yín ò bá ní i, ẹ béèrè fún un.

3. Ẹ wo gééjì. Bí kò bá tíì dé òdo, ẹ dúró. Ẹ rántí pé fáàfù 5/3 tó ń dí gbogbo ọ̀nà lè há afẹ́fẹ́ mọ́ inú sílíńdà, kí gééjì ẹnu ọ̀nà sì máa sọ pé òdo. Ẹ tú ti inú sílíńdà náà.

4. Bí písítìn bá gbé ẹrù sókè, ẹ fi irin tàbí pákó tó lágbára gbé e dúró kẹ́ ẹ tó tú afẹ́fẹ́ rẹ̀.

5. Ẹ má fi ọwọ́ yọ ohun tó há. Ẹ lo igi tàbí irin, kódà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tá a kà sókè yìí.

6. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá afẹ́fẹ́ padà, ẹ rí i dájú pé kò sẹ́ni tó dúró sídìí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì rọra ṣí i.

Ẹlòmíì á ní ó ti pẹ́ tóun ti ń ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn àgbà ti dáhùn pé ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ọjọ́ tí ike bá há, tí fáàfù kọ́ìlì méjì wà ní “pa dé”, tí préṣọ̀ sì pé bar 6, ìrírí ọdún mẹ́wàá ò ní kí mọ́ọ̀dù má padé.

Bẹ́ ẹ bá dé ibi iṣẹ́ lọ́la, ẹ pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ nàka sí fáàfù tó wà lára ẹ̀rọ yín, kẹ́ ẹ sì bi í pé: “Bí iná bá lọ báyìí, ibo lèyí máa yà sí?” Bó bá mọ̀ ọ́n, kó kọ ọ́ sára ẹ̀rọ níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ wádìí ẹ̀ kí iná tó lọ.